Kọ́ìnì inú agolo bàbá mi àgbà: ṣé láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ ni, àbí ọwọ́ èèyàn ló bà á jẹ́?

ỌmọÒṣómàáló, Iléṣà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ìjọ̀fí ni ilé wa ní Iléṣà. Ní oṣù tó kọjá, a tú òrùlé yàrá bàbá mi àgbà nítorí pé òjò ti ń dà sínú rẹ̀. Káfíńtà bá agolo bísíkíìtì kan lókè àjà, wọ́n fi aṣọ àdìrẹ wé e, wọ́n sì fi okùn dì í pinpin. Òṣómàáló ni bàbá àgbà nígbà ayé wọn. Wọ́n ru aṣọ kiri Èkìtì dé Àkókó, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Nígbà tí mo tú agolo náà, owó yẹn gan-an ni mo rò pé mo ń wò.

Kọ́ìnì 63 ló wà nínú rẹ̀. Onínì wà níbẹ̀, ẹ́pìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè. Èyí tó pẹ́ jù jẹ́ ti 1908, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti 1962. Àwọn ẹbí ní kí n lọ tà á kí a fi owó rẹ̀ kún ti páànù òrùlé. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, torí pé díẹ̀ nínú wọn kò rí bí àwọn tó kù, mo sì ti gbọ́ pé kọ́ìnì tí ilé iṣẹ́ bá ṣe àṣìṣe lára rẹ̀ máa ń níye lórí ju èyí tó pé lọ. Mi ò sì fẹ́ kí n mú ohun tí ọmọdé fi òkúta fọ́ lọ bá ẹnikẹ́ni pé àṣìṣe ilé iṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé wọn bí mo ṣe rí wọn. Àkọ́kọ́ ni ṣílè kan, aláwọ̀ idẹ, 1924. Ojú ọ̀pẹ rẹ̀ wà dáadáa, àmọ́ ó tẹ́ díẹ̀. Ojú ọba ló yà mí lẹ́nu: ọ̀pẹ mìíràn ló rì sínú rẹ̀, ó dorí kodò, lẹ́tà rẹ̀ sì ń kà sẹ́yìn. Mo ṣì ń rí adé ọba àti àgbọ̀n rẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ náà.

Ìkejì ni ṣílè 1914, funfun. Ẹ̀bá rẹ̀ kan ti lọ, bí ẹni tí eku bù jẹ, ibẹ̀ sì yípo bí òṣùpá tuntun. Mo ti fi òsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ ìyẹn kí n tó mọ̀ pé kò yẹ. Ẹ forí jì mí.

Kọ́bọ̀ 1959 kan náà wà, ti ayaba, tó ní ihò láàárín. Ìlà tín-ín-rín kan ti etí rẹ̀ lọ kan ìràwọ̀ tó yí ihò náà ká. Ẹ́pìnnì kan ní ihò méjì, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan létí.

Onínì kan tún wà tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín, ó yà sí apá kan. Èyí kò tilẹ̀ dà mí láàmú, ó kéré gan-an. 1936 ló wà lára rẹ̀.

Kí ni ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń wò kó tó sọ pé èyí ti ilé iṣẹ́ ni, èyí ti ọwọ́ èèyàn ni?

Wálé_Èrèjà

Ọmọ ilé wa, mo kí ẹ o. Gbé òòfà sún mọ́ wọn. Èyí tí òòfà kò bá fà, fàdákà ni, má tà á ní ẹ̀dínwó. Mo rí fídíò kan tí wọ́n ní ṣílè àtijọ́ kan ṣoṣo lè ra mọ́tò. Ti onígi ọ̀pẹ méjì yẹn ni kí o dì mú jù, torí mi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi.

BàbáFàdákà_Ìlàrè, Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ Obòkun, ẹ kú àmójútó ilé. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ àná, mo sì dìde jókòó. Kí ẹ tó gbé agolo yẹn lọ síwájú oníbàárà èyíkéyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Ti ṣílè 1914 ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó kàn mí. Ìlàrè níbí ni mo ti kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà. Ọdún 1961 ni bàbá mi fi mí sẹ́nu iṣẹ́, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọ̀gá mi ní àpò awọ kan tó kún fún ṣílè àtijọ́. Láti 1913 tí wọ́n ti ń rọ ṣílè fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí di nǹkan bí 1920, fàdákà gidi ni, ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pa fàdákà tì, tí wọ́n wá ń fi idẹ rọ ọ́. Gbogbo alágbẹ̀dẹ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí a bá fẹ́ jó ẹnu òrùka pọ̀, a ó mú ọ̀kan nínú àpò, a ó fi àlùmọ́gàjí irin gé etí rẹ̀ bí òṣùpá ọjọ́ kẹta, a ó yọ́ ọ pọ̀ mọ́ bàbà díẹ̀, òun la ó fi jó o. Èyí tó kù, a ó dá a padà sápò de ọjọ́ mìíràn. Ọwọ́ mi yìí ti gé wọn, mi ò lè kà á. N kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí mò ń gé, ọmọ ẹlòmíràn máa wá a lọ́jọ́ iwájú. Ó ń dùn mí títí dòní.

Àmọ́ ilé iṣẹ́ náà máa ń ṣe irú àṣìṣe tó jọ ọ́, ìdí nìyí tí ó fi ń rú èèyàn lójú. Ẹ wo obìnrin tó ń ṣe míìtì páì. Ó na ìyẹ̀fun sílẹ̀, ó wá ń fi ẹnu ife gé e ní róbótó róbótó. Tí ife bá bọ́ sórí ibi tó ti gé tẹ́lẹ̀, èyí tó máa jáde á ṣe bí ẹni bù jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gé pẹlẹbẹ owó láti ara irin fífẹ̀. Pẹlẹbẹ tó lábùkù yẹn á wá bọ́ sábẹ́ òǹtẹ̀, irin tó ń tẹ àwòrán sára owó. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí: ti ilé iṣẹ́, àbùkù ló ṣáájú òǹtẹ̀, tiwa, òǹtẹ̀ ló ṣáájú àbùkù. Bí àbùkù bá ṣáájú, irin tó wà lẹ́bàá ibi tó ṣófo ní àyè láti ṣàn, lẹ́tà tó sún mọ́ ibẹ̀ á fẹ́ẹ́rẹ́, á sì nà bí epo tó ń ṣàn lọ. Bí ẹ bá tún wo òdìkejì rẹ̀ gan-an, etí ibẹ̀ á rẹlẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Nígbà tí wọ́n ń yí pẹlẹbẹ náà láti ká etí rẹ̀ sókè, ibi tó ṣófo kò tì í láti ọ̀hún, ìdí nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ àlùmọ́gàjí, lẹ́tà á kàn já ni, ìdajì á lọ, ìdajì á dúró ṣinṣin, etí òdìkejì á sì pé pérépéré. Ẹ fọwọ́ ra ibi tí wọ́n gé náà: ẹ ó rí i pé ó ká sí apá kan díẹ̀, ibi tí abẹ àlùmọ́gàjí gbà jáde nìyẹn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ sọ fún mi. Tọkàntọkàn ni mo fi rò pé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni.

Ẹ má fi òsàn wẹ́wẹ́ fọ èyíkéyìí mọ́. Àwọ̀ dúdú tó wà lára fàdákà náà, ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Òsàn máa ń jẹ ojú irin, eérú máa ń họ ọ́, ìlà tí eérú bá sì họ sára rẹ̀ lè bo ẹ̀rí tí à ń wá mọ́lẹ̀. Èyí tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ọmọ mi. Inú kò bí mi sí yín.

Ti ìlà ara kọ́bọ̀ 1959: ẹ ti se mọ́ínmọ́ín nínú agolo rí. Bí agolo náà bá sán, ẹ̀wà lílọ̀ á wọ inú ibi tó sán, nígbà tí ẹ bá sì yọ mọ́ínmọ́ín jáde, ìlà kan á yọ sókè lára rẹ̀. Bí ẹ bá wá fi èékánná họ mọ́ínmọ́ín tó ti jinná, ìlà tó rì sínú ni ẹ ó rí. Òǹtẹ̀ ni agolo, owó ni mọ́ínmọ́ín. Òǹtẹ̀ irin máa ń sán nígbà tó bá ti lu ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ́ìnì, irin á sì wọ ibi tó sán. Torí náà, ìlà tó bá yọ sókè, ilé iṣẹ́ ló ti wá. Èyí tó bá rì, tí irin sì kó jọ sí ẹ̀bá rẹ̀ bí ebè, ẹnìkan ló họ ọ́. Ẹ fi èékánná yín wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀, kẹ́ẹ sì wò ó nínú awò tí àwọn oníṣẹ́ aago ń fi sójú. Ẹ jẹ́ kí iná tọ́ọ̀ṣì wá láti ẹ̀gbẹ́, kó má wá láti òkè. Iná ẹ̀gbẹ́ kì í parọ́, ohun tó yọ àti ohun tó rì, òjìji wọn kò ní dọ́gba.

Ẹ́pìnnì oníhò méjì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ìyá ẹnìkan ló lù ú láti so ó kọ́.

Ṣílè 1924 ni ọ̀rọ̀ wà. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ lè rọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù lè lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀ kan, pẹlẹbẹ mìíràn á bọ́ síbẹ̀, owó tó lẹ̀ yẹn á wá di òǹtẹ̀ fún un. Èyí tó bá jáde á ní ojú kan náà níwájú àti lẹ́yìn: ọ̀kan yọ síta bó ṣe yẹ, ìkejì rì sínú, ó sì ń kà sẹ́yìn bí ohun inú dígí. Nítorí náà, ọ̀pẹ níwájú àti ọ̀pẹ lẹ́yìn kò burú. Àmọ́ ẹ ní ẹ ṣì ń rí adé ọba àti àgbọ̀n rẹ̀. Ta ló wá tẹ ọba síbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé owó mìíràn ló bo òǹtẹ̀ ọba, òǹtẹ̀ ọba kò fojú kan pẹlẹbẹ yẹn rárá, kò sì yẹ kí irun ọba kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Ẹ tún ní ojú ọ̀pẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́. Ohun kan ló tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, ohun náà sì le. Ẹ ṣe ohun kan fún mi. Ẹ gbé e síwájú dígí, kí ẹ ka ọdún tó wà lára ọ̀pẹ tó rì sínú náà. Ọdún yẹn ni yóò jẹ́rìí.

Mo fi onínì ṣe ìkẹyìn torí pé òun ló lé oorun lójú mi. Ẹ ní kò dà yín láàmú. Ọmọ mi, òun ni kí ẹ fi òwú wé. Owó oníhò wọ̀nyí, wọ́n ti máa ń lu ihò sára pẹlẹbẹ kí òǹtẹ̀ tó bà á. Bí ihò bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó sì jẹ́ ihò kan ṣoṣo, ẹ bi ara yín pé: níbo ni ihò àárín lọ? Èèyàn lè lu ihò síbi tó bá wù ú. Kò sí ẹni tó lè ká ihò nílẹ̀ kó gbé e lọ síbòmíràn. Kí á tó lè ní èèyàn ló ṣe é, ó ní láti kọ́kọ́ dí ti àárín, kó fín ìràwọ̀ padà sórí rẹ̀, kó tó lu tuntun. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn lára ohun tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan! Mo mọ iṣẹ́ náà, mi ò sì lè ṣe é kí ó má hàn. Ẹ wo àárín rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sọ fún mi bóyá ìràwọ̀ náà wọ ibẹ̀ láìsí ojú àpá.

Ẹ tún ka orúkọ ọba tó wà lára rẹ̀. Ní 1936, ọba méjì ló jẹ orúkọ lára owó wa. Edward Kẹjọ gorí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún náà, ó sì fi í sílẹ̀ ní oṣù kejìlá, wọn kò dé e ládé. Owó oníhò kò ní orí ọba lára, adé àti orúkọ nìkan ló ní, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Bí ẹ bá rí EDWARDVS, ti ọba ọlọ́dún kan yẹn ni.

ÀǹtíÌlẹ̀kẹ̀_Atakúmọ̀sà

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ gidi. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń tà lọ́jà Atakúmọ̀sà, òótọ́ sì ni ti ẹ́pìnnì yẹn. Ìyá mi so irú rẹ̀ mọ́ ọrùn ẹ̀gbọ́n mi. Ihò àárín máa ń jẹ́ kí owó náà yí gbirigbiri lórí okùn, ni wọ́n ṣe ń lu ti etí kó lè dojú kọ iwájú.

Àbúrò, ẹ má gbọ́ tàwọn tó ń wá bá yín pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọkùnrin kan wá sí ìsọ̀ mi lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó gbé ṣílè 1959 kan wá tó ní orí ayaba níwájú àti lẹ́yìn. Ó ní àṣìṣe ilé iṣẹ́ ni, pé òun nílò owó ọkọ̀ ni òun ṣe fẹ́ tà á. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo kó fún un. Ọmọ mi mú un ṣeré, ó já lé sìmẹ́ǹtì, ìró rẹ̀ kú bí ìgbà tí èèyàn ju bọ́tìnnì sílẹ̀. Èyí tó pé máa ń dún gbinrin. A wá rí i pé ìlà róbótó kan wà nínú, lẹ́bàá etí. Owó méjì ni wọ́n gbẹ́, wọ́n ti ọ̀kan bọ inú ìkejì bí ìdérí. Mo fi í pa mọ́ sínú dúróọ̀ títí di òní. Gbogbo ẹni tó bá wá bá mi pẹ̀lú owó àrà, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń yọ hàn án.

Adé_Irin, OAU

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ìmọ̀ nípa irin ni mò ń kọ́ ní yunifásítì níbí. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Bùọ̀dá Wálé, ẹ jọ̀ọ́, òòfà kò lè dá fàdákà mọ̀. Kò fa idẹ, kò fa bàbà, kò sì fa irú irin funfun tí wọ́n fi rọ onínì 1936, torí pé bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì ló sọ ọ́ di funfun. Lára owó wa tí òòfà á gbé ni àwọn ti 1991, kọ́bọ̀ tí wọ́n fi bàbà bo irin. Síkéèlì ló dára jù. Ṣílè fàdákà tó pé ń wọn gíráàmù 5.65, tàbí kí ó dín díẹ̀ nítorí pé ó ti jẹ. Àwọn tó ń ra góòlù lọ́nà Ìpẹ̀ríndó àti Igun ní síkéèlì tó ń ka ìdá gíráàmù, ẹ bẹ̀ wọ́n. Àmọ́ wíwọ̀n kò lè yanjú ti 1914, torí pé yálà ife ló gé e tàbí àlùmọ́gàjí, ó ti fúyẹ́ náà ni.

Ti 1924, ẹ wọn ìbú rẹ̀. Nígbà tí òǹtẹ̀ bá ń lu owó, òrùka irin kan máa ń yí i ká tí kì í jẹ́ kó fẹ̀ jù, òun náà ló ń fín eyín wẹ́wẹ́ sí etí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá fi òòlù lù ú nílé, kò sí òrùka níbẹ̀, á tàn, eyín etí rẹ̀ á sì fẹjú. Ẹ fi ṣílè mìíràn tó pé lé e lórí, bí tiyín bá yọ jáde ní gbogbo àyíká, òòlù ni.

Mo tún fẹ́ kí àwọn tó ń kà á mọ̀ pé àṣìṣe kan wà tí òòlù tàbí fáìlì kò lè ṣe láéláé. Ní 2008, wọ́n pààrọ̀ àwòrán owó 20 péǹsì ní Ìlú Ọba, wọ́n sì gbé ọdún kúrò lójú ẹ̀yìn lọ sójú iwájú. Wọ́n wá ṣèèṣì so òǹtẹ̀ ẹ̀yìn tuntun mọ́ òǹtẹ̀ iwájú ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan jáde tí kò sí ọdún kankan lára wọn. Ojú méjèèjì mọ́, kò sí àpá, kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

ỌmọÒṣómàáló, Iléṣà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà.

Mo yá awò lọ́wọ́ oníṣẹ́ aago kan ní Òkè-Ẹ̀sọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ṣílè 1914: lẹ́tà méjì já gẹ́rẹ́, ìdajì lẹ́tà ṣì wà níbẹ̀, etí òdìkejì pé. Ibi tí wọ́n gé sì ká sí apá kan, ó tilẹ̀ mú ìka mi. Àlùmọ́gàjí ni.

Ìlà ara kọ́bọ̀ yọ sókè! Mo pa ojú mi dé, mo fi èékánná wọ́ ọ, ó gbé mi bí òkè kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti 1924. Mo gbé e síwájú dígí yàrá ìyá mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo pe àbúrò mi pé kó wá kà á. 1938 ló wà lára ọ̀pẹ tó rì sínú náà. Ara ṣílè 1924! Owó tí wọ́n máa rọ ní ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀ kò lè wà nílé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n rọ ọ́. Ni mo bá da agolo náà sílẹ̀, mo ń wá gbogbo ṣílè 1938. Mẹ́rin ni. Ẹ̀kẹta ni mo mú, ọba kan ti rì sínú ojú ọ̀pẹ rẹ̀, imú rẹ̀ kọjá láàárín imọ̀ ọ̀pẹ. Mo fi ojú méjèèjì kan ara wọn, wọ́n wọ ara wọn bí àwo àti ìdérí rẹ̀. Méjèèjì sì fẹ̀ ju àwọn tó kù lọ díẹ̀.

Mo gbé e tọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní àwọn ni. Pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, àwọn kó ṣílè méjì bàbá wọn lọ sí ilé arọ tó wà lẹ́yìn ilé, àwọn gbé e lé orí owú, àwọn sì ní kí ọmọ alágbẹ̀dẹ fi ọmọ owú lù ú kí àwọn wò bóyá wọ́n á di ẹyọ kan. Wọ́n ní bàbá àgbà nà wọ́n, àmọ́ bàbá kò ná àwọn owó náà, wọn kò sì jù wọ́n nù. Wọ́n ń sunkún nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Onínì: ìràwọ̀ wọ inú àárín, kò sí àpá, kò sí ojú ibi tí wọ́n dí. Ihò náà gé apá kan ìràwọ̀ lọ, ẹnu ihò náà sì dán, kò ṣe págunpàgun. EDWARDVS VIII ló wà lára rẹ̀. Bàbá, kí ni kí n ṣe?

BàbáFàdákà_Ìlàrè, Ilé-Ifẹ̀

Mo ka ti ẹ̀gbọ́n bàbá yín fún ìyàwó mi létí. Ẹ má pín ṣílè méjì yẹn níyà, ẹ má sì tà wọ́n. Àwọn tó ń ra owó kò ní fún yín ní nǹkan kan lórí wọn, nítorí pé owó tó bàjẹ́ lójú tiwọn ni. Ilé yín ló ni wọ́n. Ẹ so wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe wà lórí owú lọ́jọ́ yẹn, ojú sí ojú, kí ẹ kọ orúkọ wọn sára ìwé tẹ́ẹ fi wé e, nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ ọ́ fúnra wọn.

Ìlà ara kọ́bọ̀, òǹtẹ̀ tó sán ni, irú rẹ̀ pọ̀. Ó dára láti ní, kò lè ra páànù.

Onínì yẹn, ti ilé iṣẹ́ ni, bí ohun tí ẹ wí bá rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọwọ́ tó lóògùn gbá a mú, etí rẹ̀ ni kí ẹ máa fi ìka dì mú. Ẹ má dárúkọ iye kankan fún ẹnikẹ́ni títí tí ojú méjì tó mọ̀ ọ́n yóò fi rí i. Bí ẹsẹ̀ yín bá yá, ẹ gbé e wá sí Ìlàrè ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn aago mẹ́wàá, nígbà tí oòrùn bá ti wọ ojú fèrèsé mi. Ẹ mú onínì mìíràn tó pé dání kí a lè fi wọ́n wé ara wọn. N óò ti gbé awò mi sórí tábìlì.